Òrí Tí Mo Fi Pa Táyà Bàbá Mi Lára

“Ìyá Rẹ̀mí, ẹ má wo dídán rẹ̀ o. Táyà méjèèjì tó wà níwájú yìí ti gbó. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí fi wọ́n dé Ìdáàṣà.” Séídù ló kìlọ̀ bẹ́ẹ̀ fún mi lánàá, ọ̀gá tó ń lẹ táyà nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin níhìn-ín ní Ṣábẹ̀. Rẹ̀mí, ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ní Àjàṣẹ́, ló gbé ọkọ̀ kékeré rẹ̀ wá kí mi, tòun tàwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, ó sì fẹ́ padà ní Àbámẹ́ta. Nígbà tó gbọ́ ohun tí Séídù sọ, ẹ̀rín ló rín. Ó ní, “Màmá, ẹ wo bó ṣe dúdú tó ń dán. Ihò ara rẹ̀ ṣì jìn. Ẹni tó bá mi fọ ọkọ̀ ló fi nǹkan pa á lára.” Ibi tó ti sọ pé wọ́n fi nǹkan pa á lára ni àyà mi ti já.

Mo mọ̀ pé mo máa ń bẹ̀rù. Àwọn ọmọ mi fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ti ọ̀dọ̀ mi lọ sọ́jà lásán, mo gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà tó máa gbà, ìgbà tó máa débẹ̀, àti irú ẹni tó jókòó tì í nínú ọkọ̀. Òótọ́ ni, n kò sẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù táyà kì í ṣe ẹ̀rù àgbà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tó ti wọ̀ mí lára, òrí ló sì gbé e wọlé, òrí tí a fi ń pa ẹsẹ̀ nígbà ọyẹ́. Mo sọ ìtàn náà fún Rẹ̀mí lórí ìdúró níwájú ṣọ́ọ̀bù Séídù. Séídù rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé òòlù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Rẹ̀mí ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo wá jókòó, mo kọ ọ́.

Ilé wa nígbà náà wà lẹ́bàá òkúta ńlá kan tó yọ sókè láàárín agbo ilé bí ẹ̀yìn erin tó dùbúlẹ̀. Orí òkúta yẹn ni a ti ń sá gbọ̀dọ̀, iṣu tí a ti bọ̀ díẹ̀ tí a fẹ́ kó gbẹ kí a tó lọ̀ ọ́ di èlùbọ́, iṣẹ́ mi sì ni láti máa lé ewúrẹ́ kúrò níbẹ̀. Bí mo bá di ojú mi lónìí, mo ṣì lè to ohùn òwúrọ̀ ilé náà bí wọ́n ṣe máa ń tẹ̀ lé ara wọn. Ìgbálẹ̀ ìyá mi ló máa ń kọ́kọ́ dún. Lẹ́yìn náà ni ikọ́ Ìyá Àgbà, tó jẹ́ ìyá tó bí ìyá mi, ìgbà mẹ́ta géérégé kó tó ṣílẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ni ohùn rédíò bàbá mi, tó ń sọ Faransé fún àwọn adìyẹ. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú irin ń kọjá, fèrè rẹ̀ á dún láti ìsàlẹ̀ ìlú, ajá gbogbo á sì dá a lóhùn. Ìyá Àgbà ló ń ta iṣu. Àwọn ará Bẹ̀sé àti Òfẹ̀ ló ń gbé e wá fún un láti oko, ó sì lè fi ojú lásán mọ iṣu tó máa funfun nínú odó àti èyí tó máa dúdú. Bàbá mi, ọmọ Kétu ni. Olùkọ́ ni, ìjọba ló gbé e wá sí Ṣábẹ̀, Mẹ́tìrì sì ni gbogbo ìlú ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ níhìn-ín. Ó máa ń sọ pé òun kò rí ibi tí wọ́n ti ń gún iyán bíi ti Ṣábẹ̀. Ìyá Àgbà á ní, “Ẹ gbọ́ o, ìdí nìyẹn tí kò fi bẹ ìjọba pé kí wọ́n gbé òun padà sílé.” Bàbá mi á bu òkèlè mìíràn.

Ọyẹ́ ọdún yẹn mú. Ètè ń bẹ́, awọ ara ń funfun, gìgísẹ̀ gbogbo wa ń là. Láràárọ̀, lẹ́yìn tí a bá wẹ̀ tán, Ìyá Àgbà á gbé igbá òrí rẹ̀ jáde lábẹ́ ibùsùn, á ṣí ọmọrí rẹ̀, á sì fi ìka kan mú ìwọ̀n èkùrọ́ kan fún ẹsẹ̀ kan. Kì í lé, kì í dín. Ó máa ń wí pé, “Ìgbà tí ẹsẹ̀ bá là la tó ń rántí pé òun ló ń gbé wa kiri.” Àwa á na ọwọ́, a ó gbà á, a ó sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta láti fi pa gìgísẹ̀ wa títí á fi wọlé. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn òrí, ọdún yẹn ló máa ń padà wá bá mi.

Ọdún yẹn náà ni bàbá mi ra ọkọ̀ lọ́wọ́ olùkọ́ kan tí wọ́n ń gbé lọ sí ìlú mìíràn. Ọkọ̀ kékeré ni. Wọ́n ti fi ọ̀dà dí ojú ìpẹtà ara rẹ̀ níbí àti lọ́hùn-ún, ó wá ní tótòtó bí ẹyẹ awó, Awó náà ni a sì sọ ọ́. Èmi ni wọ́n yàn láti máa fọ̀ ọ́ ní Ọjọ́rú àti ní Àbámẹ́ta, pẹ̀lú ààbọ̀ garawa omi, nítorí kànga ti ń gbẹ. Mo fẹ́ràn ọkọ̀ náà ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Mo mọ iye tótòtó ara rẹ̀, ó jẹ́ mẹ́rìnlélógún. Àwọn ọmọ àdúgbò máa ń wá dúró wò mí bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́, èmi á sì máa fọ̀ ọ́ bí ẹni tí kò rí wọn.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ilé-ìwé gba ìsinmi, ìwé kan dé láti Kétu. Ìyá tó bí bàbá mi, Ìyá Kétu, ní ẹsẹ̀ òun kò gbé òun dé ẹnu ọ̀nà mọ́. Ó ní òun ti gbọ́ pé ìyàwó bí ọmọkùnrin, oṣù keje rèé, òun kò sì tíì fọwọ́ kàn án. “Ẹ gbé e wá kí n fọwọ́ mi mọ ojú rẹ̀.” Ojú rẹ̀ náà ti ń ṣókùnkùn, ìdí nìyẹn tó fi sọ ti ọwọ́. Bàbá mi ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ránṣẹ́ padà pé ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú ìsinmi ni a ó gbé Délé, àbúrò mi, wá. Ìyá Àgbà ní òun ń bá wa lọ láti kí àna òun, àti pé a kì í lọ kí àna ní ọwọ́ òfìfo. Àpò iṣu méjì ló dì. Bàbá mi mú rúlà gígùn tó fi ń fa ìlà sójú pátákó ní kíláàsì, ó fi wọn ìjókòó ẹ̀yìn Awó, ó wọn àpò iṣu, ó wo Ìyá Àgbà láti òkè délẹ̀, kò wọn òun. Àyè tó kù kò ju ìbú ìdí ọmọ kan lọ. Ìyá mi nawọ́ sí mi, ó ní, “Àbẹ̀kẹ́ máa ń bì nínú ọkọ̀. Ṣé kí a fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò?” Ìyá Àgbà ní, “Iṣu kì í bì.” N kò mọ̀ bóyá ó ń ṣeré. Bàbá mi wò mí, ó ní, “Bí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé, yóò lọ.” Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ gbogbo nǹkan kí ó lè lọ déédéé. Ó dà bíi pé n kò tíì dáwọ́ rẹ̀ dúró títí di ìsinsìnyí.

Ní Ọjọ́rú, nígbà tí mò ń fọ Awó, mo rí i pé ẹ̀gbẹ́ táyà méjèèjì iwájú ti là. Ìlà wẹ́wẹ́, bíi ti gìgísẹ̀ Ìyá Àgbà gan-an. Mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ó ya ẹnu. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní ọyẹ́ náà ló mú un, mo sì mọ oògùn ọyẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí Ìyá Àgbà fún mi ní òrí tèmi, n kò fi pa ẹsẹ̀. Mo fi ewé dì í, mo dúró títí gbogbo wọn fi wọlé jẹun, mo sì lọ fi pa táyà. Kò tó. Mo padà lọ bu díẹ̀ sí i nínú igbá, lẹ́yìn náà mo tún bu díẹ̀. Ojú ibi tí mo fi pa funfun jù, kò dára lójú, mo bá ha dúdú ìdí ìkòkò ìyá mi, mo pò ó mọ́ òrí, mo tún un pa. Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi ṣe é. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹjọ, ìlà kankan kò hàn mọ́. Mo rò pé ó ti sàn. Ẹsẹ̀ èmi fúnra mi ń là, ṣùgbọ́n mo ní ẹsẹ̀ tèmi kọ́ ló ń gbé wa lọ sí Kétu. Séídù ti wá sọ fún mi lánàá pé ọ̀rá máa ń ba róbà jẹ́ ni, pé ṣe ni mo ń fi kún àìsàn náà. Ó dára tí n kò mọ̀ nígbà yẹn.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ìrìn àjò, bàbá mi dé láti ilé-ìwé pẹ̀lú ẹfun lórí ìka, ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo táyà ọkọ̀ yíká. Méjì ẹ̀yìn ti pá. Ó pe ìyá mi, ó ní, “Wá wò ó, ó pá ju orí bàbá rẹ tó wà ní Àdìdó lọ.” Ìyá mi ní kó fi orí bàbá òun sílẹ̀, pé orí náà kò gbé ẹnikẹ́ni ṣubú rí. Ó wá kan iwájú. Bàbá mi fọwọ́ lù ú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Wo èyí, ó ń dán bíi bàtà ọ̀gá àgbà. Ọlọ́run ṣeun, méjì péré ló kù láti rà. Àbẹ̀kẹ́ mọ ọkọ̀ fọ̀.” Inú mi dùn débi pé mo sáré lọ gun òkúta, mo sì lé ewúrẹ́ tí kò ṣe nǹkan kan.

Ìyá Àgbà tẹ̀ lé wa lọ ra táyà ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta. Kò sẹ́ni tó pè é. Ó ní wọn kì í dá olùkọ́ nìkan sílẹ̀ lọ́jà. Bàbá Káríìmù ló ń ta táyà nígbà yẹn, lẹ́bàá ọ̀nà ọlọ́dà, ó tò wọ́n léra wọn bí odi, òun fúnra rẹ̀ sì jókòó sínú ọ̀kan. Ó rí wa lókèèrè. “Mẹ́tìrì, ẹ káàbọ̀. Haà, Ìyá Oníṣu náà rèé! Ṣé ẹ ti fi iṣu sílẹ̀, táyà lẹ fẹ́ máa tà báyìí?”

“Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí ta táyà, Káríìmù, ebi á pa ìwọ.”

Bàbá mi ti rí ohun tó wù ú. Méjì ni, wọ́n dúdú, wọ́n ń tàn, kò sí ẹrẹ̀ tó tíì kàn wọ́n rí. Ó yọ ẹfun ìkọ̀wé nínú àpò, ó tì í bọ inú ihò ara táyà láti wo bí ó ṣe jìn tó, ó fi hàn mí bí ẹni pé kíláàsì la wà. “Ó bo ìdajì ẹfun. Wọn ò lò ó rí.” Ìyá Àgbà kò wo inú ihò. Ó tutọ́ díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi pa ẹ̀gbẹ́ táyà náà, ó sì gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè. Ó ti dúdú.

“Káríìmù, kí ni wọ́n fi pa èyí lára?”

“Ìyá, wọ́n kàn nù ún ni.”

“Àwa náà máa ń nu tiwa. Bí ọkọ́ bá sá iṣu lọ́gbẹ́, a ó fi eérú bo ojú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé iyẹ̀pẹ̀ oko ni.” Ó gbé táyà náà lélẹ̀, ó ká ìró rẹ̀, ó fi orúnkún tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń tẹ ewúrẹ́ tó fẹ́ sá. Níbi tó ti tẹ̀, ẹnu wẹ́wẹ́ là, ó tó mẹ́wàá. “Ẹ wá wo eyín rẹ̀.”

Bàbá Káríìmù ń rẹ́rìn-ín. “Ìyá, táyà ni o, kì í ṣe iṣu.”

“Ṣé òun kì í gbó nínú àká ni?”

Ọkùnrin náà ha irùngbọ̀n. “Ó ń gbó, Ìyá. Irọ́ ò sí níbẹ̀. Róbà máa ń gbó bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ lò ó, méjì yẹn sì ti pẹ́ níbí.” Ó wọ inú lọ, ó sì yí méjì mìíràn jáde, eruku bò wọ́n, ojú wọn kò fani mọ́ra. “Èyí tí èmi ì bá fi sí ọkọ̀ ara mi nìyí.” Ìyá Àgbà tún fi orúnkún tẹ̀ ẹ́. Kò ya ẹnu. Ó ní kí wọ́n gbé e.

Bàbá mi, olùkọ́ ni, kò lè fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láìbéèrè. Ó ní, “Èyí tó là yẹn, ṣé ẹ ò lè lẹ̀ ẹ́ ni?”

“Mẹ́tìrì, ihò tí ìṣó lu ni wọ́n ń lẹ̀. Èyí tó bá ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò ní oògùn. Bí ẹrù bá wúwo lórí rẹ̀, tí ọ̀nà gbóná, á bẹ́ lójijì ni. Bó bá wá jẹ́ ti iwájú, ọkọ̀ á wọgbó.”

“Ọlọ́run ò ní jẹ́. Ti iwájú tèmi, kò sí ìlà kankan lára rẹ̀.”

Mo dúró láàárín àwọn táyà. Kò ní oògùn. Mo wo ojú bàbá mi tó ń dùn, mo wo Ìyá Àgbà tó ń nu ọwọ́ dúdú rẹ̀ mọ́ ìró. Bí mo bá sọ ọ́, a kò ní lọ, ẹ̀bi á sì jẹ́ tèmi. Bí n kò bá sọ ọ́, ọkọ̀ á wọgbó pẹ̀lú Délé nínú rẹ̀. Mo la ẹnu mi lẹ́ẹ̀mẹta lójú ọ̀nà ilé, mo pa á dé lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́sàn-án, iyán dé pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí mo fẹ́ràn jù, n kò lè gbé e mì. Ìyá mi fọwọ́ kan ọrùn mi, ó ní, “Ẹ wò ó, kò tíì wọ ọkọ̀ tó ti ń bì.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó korò lẹ́nu.

Ní òwúrọ̀ Àìkú, oòrùn ti yọ sórí òkúta, wọ́n ti di àpò iṣu sẹ́yìn Awó, ìyá mi ti pọn Délé tán, aṣọ rẹ̀ tuntun ń dún bí ewé gbígbẹ. Bàbá mi ń fi aṣọ nu gíláàsì iwájú. Mo dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn ọkọ̀, n kò wọlé. Ìyá Àgbà padà sínú yàrá láti bu òrí fún Ìyá Kétu. Kò pẹ́ tí a gbọ́ ohùn rẹ̀.

“Ta ló jẹ òrí mi?”

Ìyá mi ní, “Ta ní í jẹ òrí, Ìyá?”

“Òrí tó bá kúrò nínú igbá tí kò dé ara ẹsẹ̀, jíjẹ ni wọ́n jẹ ẹ́.” Ó jáde pẹ̀lú igbá náà, kò ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ tó kù. Ó wo gìgísẹ̀ ìyá mi, ó jọ̀lọ̀. Ó wo ti bàbá mi, bàtà bò ó, ó fojú fò ó. Ó wá wo tèmi. Mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ kan bo èkejì, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ méjèèjì ló là, ó funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tó tẹ eérú. Ohùn rẹ̀ rọ̀. “Àbẹ̀kẹ́, ojoojúmọ́ ni mo ń fún ọ. Ẹsẹ̀ ta lo fi pa?”

“Mo fi pa Awó.”

“Kí lo sọ?” Bàbá mi ló bi mí bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ohùn kíláàsì. Aṣọ tó fi ń nu gíláàsì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo bú sẹ́kún. Mo fẹ́ sọ pé n kò ṣe nǹkan kan, ó ti dé orí ahọ́n mi. Ìyá Àgbà na ọwọ́ rẹ̀ sáàárín wa.

“Àna mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá ti dé ọ̀fun ọmọ, bí ẹ bá dẹ́rù bà á, á gbé e mì padà.”

Bàbá mi dúró. Mo sì sọ gbogbo rẹ̀, láti Ọjọ́rú, ewé, igbá, dúdú ìdí ìkòkò, títí kan ohun tí Bàbá Káríìmù sọ. Kò sẹ́ni tó já lu ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo parí, bàbá mi bu eérú àti ọṣẹ, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun tó fẹ́ wọ̀ lọ kí ìyá rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ táyà. Òrí ń bọ́ kúrò, ìlà ń yọ. Ó já ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, ó tì í bọ ọ̀kan nínú wọn, ó wọlé dé ìwọ̀n èékánná. Ó ka ìlà náà jáde, nítorí kì í rí nǹkan kó má kà á. Mẹ́tàdínlógún lápá ọ̀tún, mẹ́tàlá lápá òsì. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀ tó fi omi dá sílẹ̀, ó gba Délé lẹ́yìn ìyá mi, ó sì gbé e lé ẹsẹ̀. Ìyá mi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ pa á mọ́ra, kò lè ṣe é. “Ó fi òrí pa ọkọ̀! Láàárọ̀ ọyẹ́, ó fi òrí pa ọkọ̀!” Ìyá Àgbà gbà á lẹ́nu rẹ̀: “Èmi tí mo rò pé eku ni.” Bàbá mi náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í rín, èjìká rẹ̀ ń mì, Délé ń mì pẹ̀lú rẹ̀.

“A kò lọ lónìí,” ni bàbá mi sọ nígbà tó rín ẹ̀rín náà tán.

Mo ní, “Ṣé èmi ò ní lọ mọ́ láéláé?”

“Bí a bá máa dé Kétu, ìwọ ló mú wa dé.”

Ṣùgbọ́n owó tó wà lápò bàbá mi ti lọ sórí táyà méjì àkọ́kọ́. Ìyá Àgbà ló tú ọ̀rọ̀ náà. Ní òwúrọ̀ Ajé, ó gbé àpò iṣu kan àti ààbọ̀ lọ bá ìyàwó Bàbá Káríìmù, tó ń múra ìsọmọlórúkọ nílé, wọ́n sì fi ṣe pàṣípààrọ̀ táyà méjì eléruku sí i. Ó fi orúnkún tẹ ìkọ̀ọ̀kan kó tó gbà á. Bàbá mi fi ọ̀rọ̀ rán awakọ̀ kan sí Kétu pé kí wọ́n má ṣe jáyà. Àṣé bí iṣu ṣe kúrò lẹ́yìn Awó yìí, àyè ṣí sílẹ̀. Iṣu tí ì bá gba ìjókòó mi ló di táyà. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo nà gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Àgbà. Bẹ́líìtì kankan kò sí lára ìjókòó yẹn, lónìí n kò ní gbà kí ọmọ-ọmọ mi jókòó bẹ́ẹ̀ láti ilé dé ẹnu ọjà. Bàbá mi fún mi ní iṣẹ́. Níbikíbi tí a bá ti dúró, èmi ni n ó sọ̀ kalẹ̀ fi ẹyọ ìgbálẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo wò ó ní Ìdáàṣà, mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹrin sí i lẹ́yìn ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bì, méjèèjì níta.

Ìyá Kétu wà lórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà, ó ti jókòó síbẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú, wọ́n ní kò gbà kí wọ́n gbé òun wọlé lójú ọ̀sán. Bàbá mi gbé Délé lé e lọ́wọ́. Ó fọwọ́ wo orí rẹ̀, imú rẹ̀, ìka ọwọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, “Imú wa ni.” Kí a tó jẹun, ìyá mi ti sọ ìtàn òrí fún gbogbo ilé. Mo sá pamọ́ sẹ́yìn Ìyá Àgbà. Ìyá Kétu ní kí n wá. Ó fọwọ́ wá ẹsẹ̀ mi títí ó fi bá gìgísẹ̀, ó fi ìka tọ àwọn ìlà náà, ó sì béèrè bóyá òrí ṣì kù. Èyí tó kù, inú ewé kékeré kan ni Ìyá Àgbà dì í sí, òun la mú wá fún un. Gìgísẹ̀ òun fúnra rẹ̀ là ju tèmi lọ. Kò fi kan tirẹ̀. Ó fi gbogbo rẹ̀ pa tèmi, díẹ̀díẹ̀, títí tó fi wọlé, ó ní, “Ẹsẹ̀ yìí ló gbé ọmọ mi wá fún mi.”

Mo ti di ìyá, mo ti di ìyá àgbà, n kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ mi nínú tó ìyẹn. Ọdún yẹn náà ló sọ mí di ohun tí àwọn ọmọ mi fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Láàárọ̀ yìí, èmi àti Rẹ̀mí padà lọ bá Séídù. Ó gbé méjì tòkunbọ̀ wá, ihò wọn jìn, wọ́n sì ń dán. Ó tún gbé méjì tuntun wá tí kò ní ojú ẹwà. Mo ní kí Rẹ̀mí ka òǹkà mẹ́rin tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wọn fún mi, èyí tó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe wọ́n, torí ìgbà Ìyá Àgbà ni orúnkún nìkan tó. Lẹ́yìn náà, mo ká ìró mi, mo fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀síbẹ̀. Séídù ní, “Ìyá Rẹ̀mí, orúnkún yín á dùn yín lálẹ́ o.” Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Àwọn tuntun ni Rẹ̀mí mú, kò tún jiyàn mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, ohun kan péré ni mo ń bẹ̀ yín. Kí ẹ tó gbé ọkọ̀ yín sọ́nà, ẹ bi àwọn ọmọ ilé yín léèrè ohun tí wọ́n ti fọwọ́ kàn lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá dáhùn parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ má sì nà án.